Patience Tó Kú, Patience Tó Lọ́kọ

Àtìní, 3 Oṣù Kẹjọ 2009
Màmá Jígí dé! Òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń gbé Biétry ní Abidjan níbí, oníbàárà Ìyá Àgbà mi nídìí aṣọ títà ní ọjà Treichville. Jígí méjì: ọ̀kan lójú, ọ̀kan lọ́rùn. Cyber, ilé íńtánẹ́ẹ̀tì Bọ̀ọ̀dá Kassim, ẹ̀gbọ́n mi, ni wọ́n wá jókòó sí. Wọ́n ń wá ìyá ńlá wọn kan, Patience, tí wọ́n bí nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé Amẹ́ríkà lórí. 1741 ni Patience lọ́kọ. Ta ló bí i? Ẹnì kan ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Màmá Jígí máa pé àádọ́rùn-ún ọdún lógúnjọ́ oṣù yìí, wọ́n sì fẹ́ ka orúkọ ìran wọn sétí gbogbo ẹbí, láti orí ìyá Patience.
Mo ní, "Madame, kó tó di Jímọ̀, mo ti rí i!" Bọ̀ọ̀dá Kassim ní, "Sìdí, ìwọ tó ò rí bàtà ẹ láàárọ̀?"

Àlàrùba, 5
Íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ bí ìgbín tó lóyún.

Àlàmísì, 6
MO RÍ I! Ìwé ìrìbọmi ìjọ kan, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìkọ̀wé bí ẹsẹ̀ adìẹ. Màmá Jígí ò lè kà á, èmi kà á. (Àṣírí: ẹni tó ti ń fọwọ́ Bàbá sáìnì bulletin, ìwé èsì ìdánwò ilé-ìwé, fún ọdún méjì, ìkọ̀wé wo ló máa ṣòro fún un?) Patience, 1719. Bàbá: Amos. Ìyá: Thankful — ẹni tó ń dúpẹ́. Ọpẹ́ ló bí Sùúrù! Ẹbí wa ni wọ́n jàre. Mo jó dé títì, takisí mẹ́rìndínlógún dúró wò mí.

Jímọ̀, 7
Yéè. Ojú-ìwé kejì: Patience ọmọ Amos kú ní 1720. Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. Òkú ọmọ kì í lọ́kọ. Màmá Jígí bọ́ jígí méjèèjì. Wọ́n ní ó ti tán, lundi, Àtìní tó ń bọ̀, làwọn máa pe ẹ̀gbọ́n àwọn kí wọ́n má retí mọ́.

Sàbítì, 8
Ọwọ́ ń yún mi. Mo mú bíìkì, mo kọ ìkọ̀wé ẹlẹ́sẹ̀ adìẹ yẹn: Patience, ọmọ Amos àti Thankful, 1721. Mo fẹ́ fi tíì pa á láwọ̀ kó dà bí ìwé àtijọ́. Ó jọ ọ́ débi pé ẹ̀rù bà mí.
Ìyá Àgbà yọ lẹ́yìn: "Kí lò ń kọ tó o fi ń wò kiri bí olè ẹran?" Mo jẹ́wọ́ — ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé. Wọ́n fa ìwé náà ya. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló sọ pé ẹni tó kú ò padà wá? Sàlímátù kan ti wá, ó kú, kí wọ́n tó bí àwọn. Bàbá wọn wò wọ́n, ó ní ẹni àná ló dé yìí. Ó tún sọ wọ́n ní Sàlímátù, ó fi Kòkúmọ́ lé e. "Lọ wo ọmọ tí Ọpẹ́ yẹn bí tẹ̀ lé e."

Àláàdì, 9
Cyber tì. Mo ti jẹ èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán.

Àtìní, 10
"Madame, ẹ má tíì pè wọ́n o!" Ojú-ìwé 1722 ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Amos. Thankful. Lẹ́yìn náà — Patience! Patience mìíràn! Màmá Jígí ní bẹ́ẹ̀ làwọn ará ibẹ̀ ń ṣe nígbà náà, wọ́n á gbé orúkọ òkú ọmọ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n sá lọ dì mọ́ Ìyá Àgbà, òkìtì aṣọ wó lu gbogbo wa. Attiéké, oúnjẹ gbágùúdá wa, fún gbogbo ìsọ̀!

Jímọ̀, 21
Lánàá, Màmá Jígí gbé fóònù wá sí ìsọ̀. Ohùn arúgbó láti òkè òkun, ẹ̀gbọ́n wọn ń ka orúkọ ìran wọn: Thankful, Patience... Wọ́n wá fi kún un: "Ko-ku-mo." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.
Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n fà mí mọ́ra. Wọ́n ní Siddiqah kan, orúkọ mi gan-an, ti ṣáájú mi. Oṣù mẹ́ta ló lò láyé.
Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ, mo ń ka oṣù mẹ́ta yẹn lórí ìka mi. Bọ̀ọ̀dá Kassim fọwọ́ kàn mí níwájú orí, bóyá ibà ni.
Àṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá sí Abidjan! Abájọ tí mo fi mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀.
Siddiqah, ọmọ oṣù mẹ́ta. Mo kọ ọ́ síbí. Ìkọ̀wé ara mi ni.