Fọ́ọ̀mù tí Mo Bá Àbúrò Rẹ Kọ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà ń bẹ. Ẹ̀yìn ń dun ìyá rẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún rárá, ó ṣì ń bá mi jà lórí èérún pákó tí mò ń kó wọlé láti ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ibi nípa ara wa.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ló mú mi kọ̀wé. Ilé ìwé ìjọba tó ń lọ fún gbogbo ọmọ ibẹ̀ ní fọ́ọ̀mù kan, pé kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara wọn. Mo rí tiẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, kò kọ nǹkan kan sí i. Mo ní bóyá ìbéèrè ló le, èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹfà, mo bá a dáhùn ẹ̀. Wọ́n ní ṣé ó máa ń fa èéfín. Ta ló ń fẹ́ iná ìdáná láràárọ̀ bí kì í bá ṣe òun? Mo fàmì sí bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ń lo oògùn? Bẹ́ẹ̀ ni, oògùn aràn. Ṣé ó ń mú ohun tó lè gé èèyàn lọ sílé ìwé? Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́ tó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ò sì gba àlàyé. Wọ́n tún ní ṣé ó ń jẹun ọ̀sán. Ìyẹn ni mo fàmì sí tayọ̀tayọ̀, torí òfìfo ni abọ́ oúnjẹ tó ń gbé lọ ń dé lójoojúmọ́. Mo wá dá fọ́ọ̀mù náà padà sínú báàgì ìwé ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì ilé ìwé ránṣẹ́ pè mí, ojú ẹ̀ le koko. Ó ní ọmọ mi ń mu sìgá, ó ń lo oògùn olóró, ó sì ń gbé ohun ìjà kiri. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo kọ ọ́, mo wá ń ṣàlàyé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Àbúrò rẹ tó dúró tì mí náà ń rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ṣe di ẹkún. Ó ní gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ní òun ń ṣe, òun ò ṣe é. Oúnjẹ ọ̀sán tí mo ní òun ń jẹ gan-an lòun ò jẹ. Ó ní ó ti tó oṣù méjì tí ọ̀rẹ́ òun ti ń bá òun jẹ ẹ́, torí àwọn ẹgbẹ́ òun ń pe òun ní àgbá, pé òun sanra jù. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ku egungun nínú yunifọ́ọ̀mù. Èmi tí mò ń fojú wọn pákó láìlo rúlà, n ò rí i.

Nọ́ọ̀sì ní ká má pariwo mọ́ ọn, ká má sì bẹ̀ ẹ́, ká ṣáà jọ máa jẹun. Láàárọ̀ yìí ó jẹ ẹyin kan àti ìlàjì búrẹ́dì. Ògiri ni mo tẹjú mọ́ títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Nọ́ọ̀sì tún ní ẹni tí àbúrò rẹ fẹ́ràn jù ni kó bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ ni. Má ṣe é lórí fóònù o, fóònù ò lè gbá èèyàn mọ́ra. Owó tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi wọkọ̀ wá sílé. Tó bá ṣẹ́ kù, mú un bọ̀, má dá a padà sí báńkì, owó tó wà lọ́dọ̀ wọn ti pọ̀ tó.

Wàá gúnlẹ̀ láyọ̀. Àwọn ọmọ tí ìwọ náà máa bí ò ní febi pamọ́ fún ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.