Ìda Inú Etí

Bàbá mi, ara mi le, yàrá mi dára, ẹ má ṣèyọnu nípa mi.

Ẹ bi mí pé irú ẹ̀kọ́ wo ni mò ń kọ́ tí n kò fi gbé ìpè ìyá mi. Ìtàn àtijọ́ ni. Àwọn onímọ̀ kan ló kọ́kọ́ sọ pé àlọ́ kì í ṣe irọ́ lásán, pé èrò ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn wá fi ìtàn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan yẹ ayé tiwa wò. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n so òun mọ́ òpó, kí òun lè gbọ́ orin kan tó ń pani. Ó fi ìda oyin di etí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè máa tukọ̀ lọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ niṣẹ́ òde òní rí: ọ̀gá ń gbọ́ orin, òṣìṣẹ́ ń tukọ̀. Èmi akọ̀wé, mo ṣebí ọ̀gá lèmi.

Kíláàsì tí mo sọ fún yín pé mo wà nígbà tó pè yẹn, ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń pariwo, a máa ń di etí wa. Ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá mi pè kó tó dákẹ́.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Kó jọ̀wọ́ máa ṣáàjì fóònù tí ìyá wa fi sílẹ̀ lọ. Bí mo bá ti ṣí etí mi, mo máa ń pè é.