Ẹ̀yìn Mi Kò Kanlẹ̀

Pọtá, oṣù kẹta, 1970

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ara mi le. Ẹ má jẹ́ kí ìkọ̀wé mi tó rí jágbajàgba yìí dẹ́rù bà yín, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́.

Èmi àti Dagogo la jọ wọ̀yá ìjàkadì ní etí omi Abúlọ́mà. Atukọ̀ òkun ni, ó kọ́ ìjàkadì àwọn ará Bùràsíìlì nílẹ̀ wọn lọ́hùn-ún. Mo ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi: mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣọ́ ẹsẹ̀ mi, mo ń dúró kó rẹ̀ ẹ́. Bàbá, ṣe ni ọkùnrin náà fẹ̀yìn lélẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní mo ti dá a nìyẹn. Mo na ọwọ́ kí n fà á dìde, bí a ṣe ń ṣe nílé. Àṣé ibẹ̀ ló ti fẹ́ jà. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há apá mi.

Ó ní, “Ọ̀gá Yísà, fọwọ́ gbá mi, màá fi ọ́ sílẹ̀.”

Ẹni tó wà nílẹ̀ ló ń ní kí n túúbá? Mo di apá mọ́ àyà, mo ń fara dà á, títí a fi gbọ́ tí apá náà dún bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Dagogo ló kọ́kọ́ sunkún.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnu ṣì ń yà mí. Dókítà ní kí n máa gbìyànjú láti ká ìka. Àwọn ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ti gba ìbọn lọ́wọ́ mi kí n lè sinmi dáadáa.

Ẹ bá mi kí Ìyá àti Moríyọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yìn mi kò kanlẹ̀.

Ọmọ yín,
Yísà