Ohùn Àwọn Àgbà Tí Mo Jẹ́ Kó Sọnù

                                        Òpópónà Vesida,
                                        Nasinu,
                                        Fíjì.
                                        9 Oṣù Kẹfà, 2024.

Waisale, tavale mi, ìbátan mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Salote aya rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù Auckland ò tíì lé wọn sábẹ́ kúbùsù? Ara bàbá rẹ le níbí, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín lo máa kọ́kọ́ rín tí o bá rí lẹ́tà mi, torí yẹ̀yẹ́ la máa ń fi ara wa ṣe. Jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ojú ń tì mí, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

O rántí pé lẹ́yìn tí ìjì da omi sínú yàrá kọ̀ǹpútà yunifásítì wa, wọ́n ní kí n kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ sórí kíláòdù, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kan ní Sydney fi ń yáni, tí a ó máa lò láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Máàkì akẹ́kọ̀ọ́, owó oṣù, iṣẹ́ ìwádìí, gbogbo rẹ̀ pátá. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí, orí mi sì wú.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá náà. Ti Màmá Arieta ni, àwọn tó ń kọ́ni ní èdè abínibí. Ohùn àwọn àgbà orí òkè Naitasiri ni wọ́n gbà sínú rẹ̀, èdè ìletò tí àwọn ọmọ ò sọ mọ́. Ẹ̀dà tó wà nílé wọn ti bá omi ìjì lọ. Wọ́n wá bá mi fúnra wọn: "Ilaitia, má gbàgbé àpótí mi o, ọmọ mi." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n ṣe ni ẹ̀rọ náà ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ ṣáá. Mo ní màá padà sí i. Kí n tó mọ̀, ọ̀gá àgbà ti fẹ́ wá ṣí iṣẹ́ náà. Mo sọ pé gbogbo rẹ̀ ti gúnlẹ̀, wọ́n bá kó àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ fọ́.

Ìgbà tí Bàbá Sikeli kú, ọ̀kan nínú àwọn àgbà yẹn, ìdílé wọn bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá náà níbi ìsìnkú. Màmá Arieta wá a títí lórí kíláòdù, kò sí. Wọ́n pè wá sípàdé níbi iṣẹ́. Waisale, ẹnu èmi yìí ló là, tó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nǹkan wà nínú ẹ̀rọ yẹn."

Màmá Arieta rọra ní, "Mo rò pé mo sọ fún un. Bóyá mi ò sọ. Ọjọ́ ogbó ti dé." Ṣe ni mo tẹjú mọ́ tíì mi, mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni pé ó gbóná.

Màmá gbé gbòǹgbò yaqona lọ bá ìdílé olóògbé, wọ́n lọ tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ mi. Bàbá rẹ ló sọ fún mi, wọ́n ń yin Màmá: "Obìnrin yẹn mà gbìyànjú o." Mo gbé àwo ẹ̀gẹ́ mi sílẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "O jẹ́ kí àgbàlagbà kúnlẹ̀ nítorí rẹ? Dìde. Lọ ró aṣọ sulu rẹ."

A lọ sílé Màmá Arieta. Bàbá rẹ gbé yaqona síwájú wọn, wọ́n bá mi bẹ̀bẹ̀, èmi náà sì fi ẹnu ara mi sọ òótọ́, mo dorí kodò lórí ẹní. Màmá pàtẹ́wọ́ bí àṣà, wọ́n gba yaqona náà.

Wọ́n ní, "Mo gbà á. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé mo ti lọ rí dókítà? Iyè ìyá mi ra kí wọ́n tó kú, wọn ò mọ èmi ọmọ wọn mọ́. Mo rò pé ó ti kàn mí. Ẹ̀rù orí ara mi ń bà mí, Ilaitia, ìwọ sì ń kí mi káàárọ̀ lójoojúmọ́."



Mo ti sọ òótọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n ti gba ipò olórí lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá rẹ yóò mú mi lọ bá opó Bàbá Sikeli. Mo bẹ Màmá Arieta pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn gun òkè lọ gba ohùn àwọn àgbà tó kù. Wọ́n ní rárá, àwọn ò tíì fẹ́ rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn.

Bá mi kí Salote, kí o sì gbé àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Àwọn ará ibí wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀hún. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, má gbè mí.

Èmi ni, ìbátan rẹ tí ojú ń tì,
Ilaitia.