Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

                                        Ilé Ọ̀gá Mi,
                                        Yàrá Òkè,
                                        Ọjọ́ keje, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi Tíṣà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ti di olówó tẹ́ ẹ fi rí "Yàrá Òkè" o. Ẹ ti gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fi owó ìlú gba báǹkì Ọ̀gá mi sílẹ̀ kó má bàa wó. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, àwọn tó ti tò sẹ́nu ọ̀nà báǹkì láti ìdájí ń dì mọ́ra wọn. Èmi náà pàtẹ́wọ́ nínú mọ́tò. Ọ̀gá tó jókòó sẹ́yìn ní kí n máa wakọ̀ lọ jàre.

Lọ́jọ́ kẹta, ó kó ìyàwó àtọmọ lọ sókè òkun. Ó ní kí n kúrò ní bọ́ìsì kọ́tà, kí n máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òun, kí n máa ṣe bí onílé. Háà, inú mi dùn! Mo fọ́nnu títí fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lánàá, ọkùnrin méjì mú lẹ́tà wá láti ọ́fíìsì ìjọba. Mo ní Ọ̀gá ò sí nílé. Wọ́n ní kì í ṣe òun làwọn wá rí, wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n pe ti bàbá wa mọ́ ọn. Wọ́n ní èmi ni alága ilé-iṣẹ́ kan tí báǹkì náà kó ìdajì owó ìlú fún. Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orúkọ mi ò sí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀gá rárá, wọ́n wá fi ibi tí mo fọwọ́ sí hàn mí. Ọwọ́ mi ni lóòótọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni Ọ̀gá tẹ́ àwọn ìwé kan sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní ti owó ìfẹ̀yìntì mi ni, kí n ṣe kíá. Ẹ má bú mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi mọ́tò gbé e kiri, ṣé kí n wá dúró máa kàwé lójú rẹ̀ bí ẹni tó pè é lólè? Ẹ̀yin gan-an tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà, ẹ ò ní kà á.

Fóònù Ọ̀gá ò lọ mọ́. Mọ́tò kan ti dúró síwájú géètì láti àárọ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì, tá a jọ máa ń ṣẹ̀fẹ̀, ti ń pè mí ní "sà". Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ kejìlélógún ni wọ́n ní kí n wá sọ ibi tí owó ìlú wà. Ẹ dákun, ẹ bá mi wá fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí mo ti wọ yúnífọ́ọ̀mù, tí mo dúró ti mọ́tò. Mi ò ní ẹ̀rí míì. Kó tètè dé o.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí Màmá bá bèèrè mi, ẹ ní mo ṣì ń wakọ̀.

Àbúrò yín ni mí títí ayé,
Dírẹ́bà.