Ọjọ́ Kejìdínlógún Oṣù Aadi

                                        Ilé Bàbá Rangasamy,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Òwú,
                                        Karur.
                                        5 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Arasi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Bàbá rẹ ńkọ́, àti àwọn ewúrẹ́ wọn tí kì í gbọ́ràn? Mo mọ̀ pé o ti ń retí lẹ́tà mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí mo sì fà á ya, nítorí ìwé tí mo kà kò pọ̀, ojú sì máa ń tì mí láti kọ ohun tí kò dùn.

Ilé yìí kò dùn, Arasi. Ilango ọkọ mi dára, n kò ní ẹjọ́ rẹ̀ í rò. Àwọn tó kù ni. Bàbá Rangasamy, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló ni ilé, òun náà ló ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí òkè òkun. Ọkọ mi ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Nígbà tí oṣù Aadi wọlé, tí ìyá gbogbo ìyàwó tuntun wá mú ọmọ wọn lọ sílé, ta ni yóò wá mú èmi tí n kò ní ìyá? Ìyá Kathirvel, ìyàwó Bàbá, ní kí n máa sùn ní yàrá òwú, kí ọkọ mi máa sùn ní ọ́fíìsì, nítorí tọkọtaya tuntun kì í sùn pọ̀ nínú Aadi. Bí mo bá ń ro ògì jéró lórí iná, á máa sọ fún aládùúgbò pé, "Àwọn èèyàn ẹ̀ ò tiẹ̀ béèrè ẹ̀. Ẹrù tí wọ́n ti pa tì ni wọ́n dì fún wa."

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló wá sọ ọ́ di ogun. Bí ọkọ mi ṣe ṣàlàyé fún mi ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ. Akọ̀wé mẹ́wàá ló wà ní ọ́fíìsì, àmọ́ ohun tó wà níwájú wọn kì í ṣe kọ̀ǹpútà gidi, ojú rẹ̀ lásán ni. Ẹ̀rọ ńlá kan ní yàrá ẹ̀yìn ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn, bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́wàá ń bu oúnjẹ nínú ìkòkò kan. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ètò tí wọ́n fi ń kọ̀wé wá kéde pé àwọn kò ní bójú tó o mọ́ lórí irú ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀. Kò ní kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá lu, kò sẹ́ni tí yóò dí i, olè á sì gba ibẹ̀ wọlé. Oníbàárà wọn ní Holland kọ̀wé pé bó bá fi di ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ tí wọn kò kúrò lórí rẹ̀, òun kò ní bá wọn ṣòwò mọ́.

Ọ̀nà méjì ni ọkọ mi gbé kalẹ̀. Kí wọ́n ra odindi kọ̀ǹpútà fún akọ̀wé kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n háyà ààyè lórí ẹ̀rọ àwọn kan ní Chennai, kí kọ̀ǹpútà oníkálukú máa gbé lọ́hùn-ún, kí ojú rẹ̀ nìkan máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá sórí tábìlì. Ó ní èkejì ló yá jù.

Kathirvel, ọmọ Bàbá, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "A ní màlúù nílé tó ń fún wa ní wàrà, Ilango ní ká lọ máa háyà ọmú màlúù Chennai."

Bàbá ní, "Inú Aadi la wà. Ilé yìí kì í bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun nínú Aadi. Tó bá parí, ká sọ̀rọ̀."

Ọkọ mi ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ kò ní dúró de Aadi kó parí.

"Ẹ̀rọ yẹn ò ṣàìsàn rí kó o tó gbéyàwó," ni Bàbá wí. "Tí Holland bá fi kọ̀ wá, ìwọ àti ìyàwó ẹ, ẹ jọ di ẹrù yín."

Omi wàrà kíkan ni mo gbé wá fún wọn, mo dúró síbẹ̀ bí òpó. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kejìdínlógún Aadi ńkọ́?" Ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́jọ́ tí odò bá kún yẹn, kódà nínú Aadi, àwọn èèyàn ń gbin irúgbìn, wọ́n ń ra wúrà.

Ìyá Kathirvel yíjú sí mi. "Ta ló bi ọ́? Kíláàsì mélòó lo kà tó o fi mọ ti kọ̀ǹpútà?"

"Márùn-ún ni, Ìyá. N ò mọ ti kọ̀ǹpútà. Ti Aadi ni mo mọ̀."

N kò mọ̀ nígbà náà pé ọjọ́ kejìdínlógún Aadi ni Bàbá fúnra rẹ̀ gbé òfì àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ó dáa. Bó bá bàjẹ́, ẹ ò ní sùn níbí mọ́."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ, ló bọ́ sí. Ọkọ mi wà ní ọ́fíìsì láti àárọ̀, ó ń kó iṣẹ́ wọn lọ sórí ẹ̀rọ Chennai, àwa obìnrin gbé ìrẹsì alágbọn àti alájàgbọn lọ sétí odò. Ìyá Kathirvel ló so òwú ìgbéyàwó tuntun mọ́ mi lọ́rùn, bí a ti máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì fà á le. Ó ní, "Kí ẹnu yẹn lè sinmi." Ẹ̀mí gígùn ni àwọn ìyàwó tó kù ń tọrọ fún ọkọ wọn. Èmi ń bẹ odò pé kí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ṣí.

Lọ́jọ́ Ajé, mẹ́sàn-án ṣí. Ti Kathirvel kò ṣí. Ó ń pariwo pé òun ti wí, òun ti wí, títí ọkọ mi fi rí i pé ọ̀rọ̀ ìwọlé àtijọ́ ló ń tẹ̀, kò tiẹ̀ ṣí bébà tí wọ́n kọ tuntun sí fún un. Nígbà tó ṣí, ó ní lẹ́tà rẹ̀ ti tín-ín-rín jù. Ẹnikẹ́ni kò kí ọkọ mi kú iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ Bàbá kan tó ń ta aṣọ bíi tirẹ̀ wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ni mo gbé kọfí lọ. Mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún un pé, "Àwọn ọmọ fẹ́ kánjú. Mo ní rárá, ọjọ́ kejìdínlógún ni. Èmi ni mo mú ọjọ́ yẹn." Ọkọ mi, tó jókòó tì wọ́n, la ẹnu. Mo fojú bẹ̀ ẹ́, ó sì pa á dé.

Bá mi kí ìyá rẹ àti bàbá rẹ, kí o sì sọ fún wọn pé mo jẹun dáadáa. Má sọ ti yàrá òwú fún wọn. Inú mi dùn, Arasi, bó o tilẹ̀ lè máa rò pé ó yẹ kí n bínú. Jẹ́ kí ọjọ́ náà jẹ́ ti Bàbá. Ohun tí ọkùnrin yẹn bá ti pè ní tirẹ̀, kì í lé e jáde nílé.

Èmi ni tìrẹ, tí mo ṣì wà ní Karur,

Poongodi.