Omi Lásán Ni Kí Ẹ Bù Sí I

Olówó orí mi, mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan táǹkì ẹja kí ẹ tó ka ìwé yìí tán.

Láàárọ̀ yìí, àwọn iyùn ẹlẹ́mìí inú táǹkì wa ká jọ bí ọwọ́ ahun. Mo wọn iyọ̀ inú omi náà, ó ti ga kọjá ààlà. Ọmọ yín ní, "Dádì ló ń bu omi oníyọ̀ kún un láràárọ̀ tó bá ti fà." Ẹ kú iṣẹ́, ọba òkun. Omi nìkan ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ.

Omi lásán inú kẹ́ẹ̀gì funfun ni kí ẹ lò. Ife kan ní wákàtí kan. Bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, iyùn á kú, làálàá oṣù márùn-ún á sì wọmi.

Ẹ má bínú, èmi náà ò kọ́ yín. Mo rò pé wọ́n bí i mọ́ yín ni.

Bí àwọn iyùn náà bá tún ṣí, ẹ pè mí. Bí wọn ò bá ṣí, ẹ má pè mí o. Ẹ gbé àga síwájú wọn, kí ẹ máa bẹ̀ wọ́n títí n ó fi dé.